Ẹrẹ̀ Tí Mo Fi Ra Sùtánà Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìjọ wa ní Sakété fẹ́ fi òróró yàn mí ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn. Irọ́ ni mo pa tí wọ́n fi rí mi yàn.

Pobè ni mo ń gbé nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira. Olùṣọ́ ìjọ wa níbẹ̀ máa ń sọ pé ìsìn kò parí sí ilé àdúrà. Nítorí náà, bí a bá jáde ìsìn, a kì í bọ́ sùtánà funfun wa. Bẹ́ẹ̀ náà, láìwọ bàtà, ni kálukú fi ń lọ sọ́dọ̀ aláìsàn tí wọ́n yàn fún un. Màmá Rèbékà ni wọ́n yàn fún mi. Ojú rẹ̀ ti fọ́, egbò ńlá sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi ni kí n máa wẹ egbò náà, kí n máa gbálẹ̀ fún un.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, òórùn egbò yẹn kọjá agbára mi. Mo sá jáde, mo bì sẹ́yìn ilé. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ìyìn jù, n kò lè sọ ọ́. Inú oko ọ̀pẹ ni mo máa ń lọ jókòó sí títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Kí n tó padà, mo máa ń fi ẹrẹ̀ pupa ra etí sùtánà mi, kí wọ́n lè rò pé mo kúnlẹ̀ ti aláìsàn. Wọ́n á rí i, wọ́n á sì máa yin Ọlọ́run nítorí mi. Nígbà tí màmá kú, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀. Mo jẹ́rìí. Mo tilẹ̀ sunkún sí i.

Mo lọ́kọ sí Sakété, òkìkí náà sì tẹ̀ lé mi débẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé Ìyá Ráfíù níbi tó ti ń ra gàrí lọ́jà. Mùsùlùmí ni, ògiri kan ló wà láàárín òun àti màmá ní Pobè. Ó sọ fún mi pé òun ló wẹ egbò náà títí màmá fi kú.

Ó ní, “Fọkàn balẹ̀, àbúrò mi. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń sọ fún màmá pé ìwọ lo rán mi. N ò fẹ́ kó rò pé ìjọ rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún ọ lọ́mọ.”

Bí mo bá jẹ́wọ́, ojú á ti ọkọ mi láàárín ìjọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rù ń bà mí láti kúnlẹ̀ gba òróró tó tọ́ sí orí ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́, kí ni kí n ṣe kí ọjọ́ ìsinmi tó pé? Ọmọ tí màmá tọrọ fún mi ló ń sùn lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ èyí.