Gbogbo Ohun Tó Bá Dúró

Nínú takisí tó ń ti Sábó lọ sí Enuwa, lọ́dún 1984, mo jókòó sáàárín ìyá àgbà kan àti obìnrin àfín kan tó fa gèlè bo iwájú orí nítorí oòrùn.

Ìyá náà kò tújú ká sí obìnrin náà rárá. "O gba iwájú mi kọjá ní gáréèjì, o ò kí mi!"

"Ẹ má bínú, mà. Bí oòrùn bá ti mú, gbogbo nǹkan ló ń funfun lójú mi. Èèyàn àti òpó, bákan náà ni wọ́n rí lókèèrè."

"Báwo lo ṣe wá ń kí àgbà ní kékeré?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá mi ní kí n ṣáà máa kí gbogbo ohun tó bá dúró. Nílé wa ní Ìlódè, mo kúnlẹ̀ fún odó, mo kúnlẹ̀ fún ewúrẹ́ tí wọ́n so. Bí mo bá ti inú oòrùn wọlé, òpó ìloro ni mo máa ń kí pé, 'Ẹ kúulé, mà.' Màmá mi á sì ti yàrá dáhùn pé, 'Káàbọ̀, ọmọ mi,' kí ojú má baà tì mí."

"Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Rárá, mà. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n tán tí mo wọlé, mo kúnlẹ̀ fún òpó yẹn, mo ní, 'Ẹ kúulé.' Mo mọ̀ pé òpó ni o."

Ìyá àgbà náà yíjú sí i.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ló sọ.