Páàdì Kan Ṣoṣo

Ní nǹkan bíi ọdún méjì kí àwọn ọdún 1990 tó parí, mo wà nínú mọ́tò tó ń lọ sí Àjàgbà tí kò tíì kún ní gáréèjì Òkìtìpupa, ẹ̀yìn tìṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ ni mo jókòó sí. Tìṣà náà tẹ́ ìwé kan sórí itan. Gbogbo ohun tí wọ́n máa fi to kọ̀ǹpútà géèmù fún un l'Ékòó ló kọ síbẹ̀.

"Mẹ́mórì kò ṣeé dín," ló wí. "Bí inú ẹ̀rọ bá ṣe lágbára tó ni géèmù bọ́ọ̀lù yẹn á ṣe máa yá tó. Mọ́nítọ̀ àlòkù á ṣe é. Sípíkà, jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná."

"Páàdì tí wọ́n fi ń gbá a ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó wà níbẹ̀. Ẹyọ kan."

"Bàbá Dúpẹ́, ẹyọ kan?"

"Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa bá mi gbá a."

Obìnrin náà ní, "Nígbà tẹ́ ẹ ra kámẹ́rà, ẹ̀yin lẹ máa ń yà wá. Kò sí fọ́tò kan nílé tí ẹ bá wa wà nínú ẹ̀."

"Kí ló kan kámẹ́rà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ẹ dín owó inú ẹ̀rọ yẹn kù díẹ̀, kẹ́ ẹ fi ra páàdì kejì, kí ọwọ́ tiwa náà lè kàn án."

Tìṣà yọ báírò, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan. Ó yíjú sí i, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Àbí ìwọ náà fẹ́ máa gbá a ni?"

"Ẹ ò bi mí rí."