Ẹ̀wù Tí Kò Mọ Ẹni Tó Wọ̀ Ọ́

Ẹgbẹ̀ta náírà ni mò ń ta kànrìnkàn kan ní Ìkàrẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹ̀, ni mo bá ráyè gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń gé àlùbọ́sà bí òrùka, tó ń fi ìyẹ̀fun bò ó dín, irú ti ilé oúnjẹ ńlá, àti màmá alákàrà kan láti Ọ̀kà.

"Màmá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kẹta rèé, ẹni tó bá rà á kì í padà wá. Bí tòní náà bá rí bẹ́ẹ̀, màá ta agbada yìí, màá padà sóko ní Ìkáràm."

Màmá gé e jẹ. Àlùbọ́sà fà jáde gbọọrọ, èèpo díndín ṣófo sí i lọ́wọ́.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀wù yìí dára, ọmọ mi, ó ń dún kàràkàrà. Àmọ́ kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣé o fọ àlùbọ́sà ni?"

"Mo fọ̀ ọ́ dáadáa, kó má ta lẹ́nu."

"O wá rì í bọ ìyẹ̀fun pípò tòun tomi lára? Ta ní ń wẹ̀ tán tí kì í nura kó tó wọṣọ? Nù ún gbẹ, fi ìyẹ̀fun gbígbẹ pa á lára ná, kó o tó rì í bọ ti pípò."

Èmi oníkànrìnkàn, n kò ronú dé ibẹ̀ rí!

Ọmọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó dín òmíràn. Màmá gé e, àtẹ̀wù àtàlùbọ́sà jọ gé.

"Wọ́n ti mọra wàyí. Di méjì fún mi."

"Ẹ má sanwó, Màmá."

"Ṣé mo ní mo wá ṣagbe ni? Lọ́la, màá mú àwọn ará ilé mi wá."

Ó tú etí ìró, ó sì fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà.