Ìwé Àkọ́sórí Ọmọ Mísítúrà

Ẹ̀yin ará, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá gbogbo wa gbé. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ìyá wa lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ sún mọ́ra. Àmánà, ohun tí a fún ni ṣọ́, ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọmọ tí Ọlọ́run gbé lé ọ lọ́wọ́, àmánà ni. Ohun tí o bá sì kọ́ ọ, òun ni yóò fi bá ayé lò. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín.

Mísítúrà ni orúkọ rẹ̀, ìyàwó Lùkúmọ́nù aránṣọ, ní Ìwó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì nílé: Sùwébátù, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti Káfáyátù tí kò tíì ju mẹ́rin lọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló fohùn ṣọ̀kan pé ọwọ́ ìyá ni wọn yóò ti kọ́kọ́ mọ kéú àti ìwé. Ohun tó dára ni. A ò bá a wí nítorí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Lùkúmọ́nù ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Rábíátù, tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, lójú gbogbo èèyàn, ó ní: "Ọmọ tó jókòó ti ìyá ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ mọ̀? Ẹ jẹ́ kí ìsinmi parí. Màá wá, á kàwé sí mi létí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Mísítúrà lọ́kàn.

Ìsinmi parí. Àwọn ọmọ ti oko ìyá àgbà dé, létí odò Ọbà. Ara wọn dé, ọkàn wọn kò tíì dé. Bí ìyá bá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn Àsùbáà, tó ṣí ìwé, ojú Sùwébátù á lọ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀.

"Lẹ́tà wo nìyí?"

"Màámi, ṣé odò máa ń sùn?"

"Mo ní lẹ́tà wo nìyí!"

"Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a kì í gbóhùn ẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà ní ó ti ń tòògbé."

Ẹ gbọ́ ìbéèrè ọmọ! Nígbà mìíràn Mísítúrà pàápàá á gbàgbé ara rẹ̀. Odò tó wẹ̀ léwe á máa ṣàn jẹ́jẹ́ ní etí rẹ̀, títí ata á fi jóná mọ́ ìkòkò. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀, ẹ̀yin ará. Ó ń padà bọ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò yá. Súùrù ni ìbá mú un délé. Àmọ́ ojú Rábíátù ni Mísítúrà ń wò, kò wo ojú Ọlọ́run.

Kí ló ṣe? Ó mú ojú ewé kan, ó ń kà á sí ọmọ létí títí ó fi wọ̀ ọ́ lórí bí orin. Ó kọ́ ọ níbi tí yóò gbé ìka sí, àti ibi tí yóò ti mí.

Ọmọ wò ó. "Màámi, èyí kì í ṣe kíkà."

"Ó jọ kíkà," ni ìyá wí. "Ó ti tó."

Àsìtàgàfúrúláì!

Rábíátù dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Sùwébátù gbé ìwé, ohùn rẹ̀ ń tú jáde bí omi tútù, omijé sì bọ́ lójú àgbà obìnrin náà. "Máṣá Àlà!" Mísítúrà wọ ilé ìdáná lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ tí Rábíátù rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ọmọ mi, bá mi ka ara ìgò yìí. Oògùn orúnkún ni. Mo ti gbàgbé bí wọ́n ní kí n ṣe lò ó."

Sùwébátù gba ìgò náà, ó gbé ìka lé e. Lẹ́yìn náà ni ohùn dídùn yẹn tún dé: "Ẹ mu ṣíbí méjì láàárọ̀, ṣíbí méjì nírọ̀lẹ́."

Mísítúrà yọjú. Ìgò òróró ìpara ni! Irú èyí tí ọkọ rẹ̀ fi ń pa ẹ̀yìn, tí wọ́n kọ gàdàgbà sí lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún. Ṣíbí ti kan ètè Rábíátù.

"Ẹ má mu ún!"

Ṣíbí bọ́. Rábíátù yíjú sí ọmọ, ó gbé ọwọ́ sókè. "O fẹ́ pa mí ni?"

Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ̀ bá sọ? Ṣebí ó rọrùn láti sọ pé ọmọ ló ṣì í kà? Sùwébátù kò sunkún. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, ó ń dúró de ohun tí yóò sọ. Mísítúrà kúnlẹ̀.

"Ẹ má nà án, ẹ̀gbọ́n wa. Èmi ni. Kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Èmi ni mo kọ́ ọ kó máa díbọ́n, torí ojú yín."

Rábíátù rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyàwó, èmi náà ò mọ̀ ọ́n kà. Láti kékeré ni mo ti ń díbọ́n. Ariwo ni mo fi ń bo àṣírí mi." Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún sórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kán wa lójú."

Láti ọjọ́ náà, Jímọ̀ kan kò kọjá kó má wá. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, àwọn méjèèjì ti ń ka ìwé fúnra wọn, ọmọ ṣíwájú, Rábíátù tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ará, bí o bá kọ́ ọmọ rẹ láti tan aráyé jẹ, ta ni yóò kọ́kọ́ gbé májèlé sẹ́nu? Ọmọ tó ń lọ jẹ́jẹ́ nínú òtítọ́, ó ń lọ náà ni. Ọlọ́run, fún wa ní súùrù tí a ó fi dúró de àwọn ọmọ wa. Fún wa ní ẹnu tí yóò lè sọ pé "èmi ni mo jẹ̀bi" kí ó tó pẹ́ jù. Fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá, fi àlùbáríkà sí ẹní tí à ń tẹ́ nínú ilé wa. Àmín, yá Àlà.