Òkú Mẹ́ta Tí Wọ́n Ní Kí N Má Dárúkọ

Ẹ yin Olúwa! Mo ní ẹ yin Olúwa! Ẹ pariwo ẹ̀ dáadáa, torí inú ń bí mi láàárọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú gba ògo Ọlọ́run mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ mọ Bọ́lá ọmọ mi, pẹ́lẹ́ńgẹ́ gíga tó wà láàárín àwọn akọrin wa. Gíga yẹn, ìka gbọọrọ yẹn, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti mú un. Gbogbo ilé ọkọ mi ló rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ń yangàn. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọkùnrin mẹ́ta ti ṣubú lulẹ̀ nínú ilé yẹn tí wọ́n kú láìṣàìsàn: bàbá ọkọ mi, àbúrò wọn, àti ọkọ tèmi gan-an. Wọ́n ní ọ̀tá tó ń bá wọn du ilẹ̀ Ìbẹ́jú ló pa wọ́n. Wọ́n wá kìlọ̀ fún àwa ìyàwó ilé pé a ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ikú wọn lójú àlejò, kí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn má baà sá.

Ọjọ́ Sátidé kan, Bọ́lá di àyà mú níwájú ilé wa ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà. Ó ní, "Mọ́mì, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń ya lẹ́yìn mi." Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló fi mọ́tò wọn gbé wa dé ọsibítù.

Dókítà wo ìka ẹ̀, ó wo gíga ẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹnì kan ti kú lójijì ní ìdílé bàbá ẹ̀?"

Kí n tó la ẹnu, Bọ̀ọ̀dá ti dáhùn. "Rárá o, dókítà. Family wa strong gan-an."

Háà! Ọmọ mi ń jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì, orúkọ ilé lẹ ń dáàbò bò! Mo figbe ta: "Mẹ́ta, dókítà! Mẹ́ta ló ti kú!" Mo sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìyàwó, o ti tú wa síta."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kíá ni wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ tó ń wo inú àyà. Dókítà padà dé, ó ní, "Mà, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn ti fẹ̀ jù, ó ti ń ya. Àìsàn àjogúnbá tó mú kí ìdílé bàbá ẹ̀ ga, kí ìka wọn sì gùn, ló ń sọ iṣan wọn di ẹlẹgẹ́. Ká ní ẹ ò sọ̀rọ̀ ni, oògùn ọgbẹ́ inú la ò bá fún un, ká sì ní kó máa lọ sílé."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọmọ mi là á já! Halelúyà! O ṣé o, Bàbá! O ṣé, o ṣé!

Ó ń lo oògùn tó ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lójoojúmọ́, kì í gbé ohun tó wúwo, ó sì ń padà lọ kí wọ́n lè máa wo iṣan yẹn. Arábìnrin tó sọ pé lílo oògùn yẹn jẹ́ àìnígbàgbọ́, ẹ má tún sọ ọ́ létí mi mọ́ o.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú wàhálà, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi á gbọ́ tiyín. Àmọ́ bí dókítà bá bi yín, ẹ sọ òótọ́!

Bọ̀ọ̀dá, ẹ má wolẹ̀, mo rí yín níbẹ̀ yẹn. Dókítà ní kí gbogbo ìbátan ọkọ mi wá ṣàyẹ̀wò, ẹ ò sì tíì mú ìkankan nínú ọmọ yín méjèèjì lọ. Mo ti gbàyè sílẹ̀ ní ọsibítù fún àwọn méjèèjì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ máa bínú sí mi lọ, sà, ṣùgbọ́n ẹ kó wọn wá.