Páálí Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Frumet

Ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn náà dé, nígbà tí ọbẹ̀ adìẹ Sábáàtì ń hó lórí iná tí mo sì ń ha kárọ́ọ̀tì. Hene, ọmọ àbúrò ọkọ mi, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí Gitele, Frumet ti lọ o. Tobe ọmọ ẹ̀ ló bá a lórí ibùsùn láàárọ̀ yìí." Mo sọ ohun tí àwa Júù máa ń sọ, pé ìbùkún ni fún Onídàájọ́ òtítọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sídìí kárọ́ọ̀tì, mo sì ń ha á lọ títí kò fi ku nǹkan kan sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí a lọ jókòó ti Tobe nínú ọjọ́ méje ọ̀fọ̀, obìnrin kan bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé, "Gitele, ṣé ẹgbẹ́ yín ò mọ̀ pé ebi ń pa á ni?" Mo dáhùn pé, "Kò sọ fún wa." Irọ́ ni. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò ní lè ṣiṣẹ́ pẹ́ mọ́, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé irọ́ yìí kiri. Ẹ̀yin ará wa ní Manchester, ẹ gbọ́ òtítọ́ rẹ̀ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ẹ̀yin àgbà á rántí bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń pín oúnjẹ Sábáàtì látijọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé páálí lásán, tí kò ní àmì kankan, sí ẹnu ọ̀nà wa: adìẹ kan, kárọ́ọ̀tì, búrẹ́dì tí wọ́n dì bí irun, àti ìgò wáìnì kékeré. Gbogbo ilé ló ń kàn, ilé olówó àti ilé ẹni tí kò ní. Ẹni tó ní á gbé tirẹ̀ wọlé bí ẹni tó nílò rẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ kejì, á gba ẹ̀yìnkùlé gbé e padà fún ẹgbẹ́. Leibel ọkọ mi, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ nígbà náà, a máa sọ fún mi pé, "Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, Gitele, kí àdúgbò rí ẹ." Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá lọ ò lè mọ ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bàbá Anshel tó ń darí pípín rẹ̀ nìkan ló mọ̀, àti ẹni tó bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́. Nígbà tí Leibel kú tí wọ́n fi mí ṣe olórí, ni èmi náà wá mọ̀ pé Frumet kì í dá tirẹ̀ padà. Frumet tó ń tún wíìgì tí àwọn obìnrin wa tó ti lọ́kọ máa ń dé ṣe nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀, tó máa ń pa àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ́rìn-ín! Àìsàn ọkọ rẹ̀ ti gba gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ọkùnrin náà tó kú. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí a sin Leibel, òun ló gbé ẹyin bíbọ̀ wá fún mi, oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń jẹ lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo jẹ ẹ́. N kò bi ara mi léèrè ibi tó ti rí ẹyin.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa ò dá owó fún ẹgbẹ́ mọ́. A pe Zak Bendel láti London pé kó wá sọ wá di ti òde òní. Ọmọ náà ò burú. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹgbẹ́ yín ń rùn bíi káńfọ̀. Ta ló máa fowó sí nǹkan tí kò rí?" Ó fún wa ní orúkọ tuntun, Àtùpà, ó sì ya àtùpà sára páálí aláwọ̀ ọsàn tí èèyàn lè rí láti òpin òpópónà. Ó tún ní, "Ẹ sì ń gbé adìẹ lọ fún dókítà eyín! Àbí eyín ló ń dùn ún tí kò fi lè lọ ra tiẹ̀?" Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù, èmi tí mo mọ ìdí tí a fi ń gbé e fún olówó. Ẹnì kan ní kí n lọ bi Bàbá Anshel ná. Mo lọ bá a ní ilé àwọn arúgbó. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Gitele, bẹ́ ẹ bá mú tàwọn olówó kúrò, ìhòòhò lẹ máa fi àwọn tó kù sí." Mo padà wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé, "Bàbá ní ká ṣe é bí Zak ṣe wí. Ó súre fún wa." Ó kú kí ẹnikẹ́ni tó bi í, a sì mú ilé àwọn olówó kúrò.

Frumet wá bá mi nílé. Ó ní, "Àǹtí Gitele, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi páálí àtijọ́ gbé tèmi. Oníbàárà mi kan bá aláwọ̀ ọsàn yìí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'Frumet, àṣé ìwọ náà ti di ọmọ Àtùpà!' Wọ́n ń bá Tobe sọ̀rọ̀ ọkọ báyìí. Ẹ jẹ́ kíyẹn yanjú ná." Mo ní, "Kí ló ń tì ẹ́ lójú? Ayé ti yí padà." Páálí àtijọ́ kún yàrá ìkẹ́rù wa. Kí ni ì bá ná mi?

Èyí tó burú jù ló kù. A fẹ́ se àsè ńlá fún àwọn olùtọrẹ, Zak sì ń wá ilẹ̀kùn tó rẹwà tí wọ́n á ya fọ́tò páálí níwájú rẹ̀. Èmi ni mo júwe ti Frumet fún un, torí pé aláwọ̀ búlúù ni, ó sì ní ìkànlẹ̀kùn idẹ tó dà bí ọwọ́ ọmọdé. Mo sọ fún ara mi pé ojú ẹnikẹ́ni ò sáà ní hàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ló wà ní gbọ̀ngàn àsè yẹn tí kò tíì kan ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú wíìgì lọ́wọ́? Nígbà tí àwòrán náà yọ gàgàrà lára ògiri, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Háà, ilẹ̀kùn Frumet kọ́ nìyẹn?" Ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Tobe jókòó sídìí tábìlì kejì. Mo ti mọ̀ pé yóò wá. Owó wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà bí kò ṣe wọlé rí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kò pẹ́ tí alárenà fi ránṣẹ́ sí Frumet pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Frumet gbé páálí rẹ̀ gba àárín òpópónà ní ọ̀sán gangan, ó gbé e sí ẹsẹ̀ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí Gitele. Ẹ gbé e fún dókítà eyín." Mo sọ fún àwọn tó ń pín in pé kò fẹ́ mọ́. N kò tọ̀ ọ́ lọ. Ìgbà òtútù dé, mo ń gbọ́ pé ó ń wúkọ́, pé tíì àti búrẹ́dì ló ń jẹ, mo sì ń sọ pé ọ̀la ni n ó lọ. Èmi tí mo jẹ ẹyin rẹ̀.

Tobe, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó máa gba ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn mi, ẹ yí orúkọ padà bó ṣe wù yín, ẹ kun ògiri lọ́dà tó wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dá páálí lásán padà sí gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Lánàá tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gbé páálí aláwọ̀ ọsàn kan sí ẹnu ọ̀nà tèmi, mo sì dúró tì í títí ìyàwó dókítà eyín fi ń kọjá. Ó dúró. Ó ní, "Gitele, kí lèyí? Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Oúnjẹ Sábáàtì mi ni."

Ó wo páálí náà, ó wo ojú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pe orúkọ Frumet jẹ́jẹ́, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wọlé.