Obì tí Mo Dà Sínú Agbọ̀n Ikhlas

Kì í ṣe Bánkẹ́ ni orúkọ mi. Ẹ̀yin olóbì Makun tí ẹ ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọdún kan ààbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dé òpin. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ti ń jẹ mí nínú, ó sì ti fẹ́ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ṣìkẹ́mi ni mí, ọmọ Ìsarà. Modúpẹ́ ló bí mi, Modúpẹ́ tó ṣa obì ní ìsọ̀ Alhaja Kareemat fún ọdún mẹ́sàn-án, tí Alhaja lé jáde lójú gbogbo yín ní ọdún méjìlá sẹ́yìn.

Àwọn àgbà inú yín kò ní tíì gbàgbé. Agbọ̀n obì gbànja mẹ́fà ló dé Òkè Ọya tí kòkòrò ti jẹ ẹ́ dénú. Alhaja bi Màámi bóyá òun ló ṣà á. Màámi ní òun ni. Kò bẹ̀bẹ̀, kò wí àwíjàre. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà wá bá èmi àti ìyá àgbà ní Ìsarà. Olóbì kankan kò gbà á síṣẹ́ mọ́. Ọdún kẹta ló kú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dákẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ṣìkẹ́, n kò fi obì kòkòrò sínú agbọ̀n rí láyé mi.” Mo ní, “Kí ló wá dé tí ẹ gbà pé ẹ̀yin ni?” Ó yíjú sí ògiri. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fi dàgbà. Àwọn ìwé ìtàn tí mo ń yá kà ló kọ́ mi ní ìyókù. Nínú wọn, ọmọ tí wọ́n rẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ máa ń yí orúkọ padà, á wọ ilé ọ̀tá, á máa rẹ́rìn-ín títí ọjọ́ á fi pé. Òmùgọ̀ ni mí. Mo rò pé èmi ni wọ́n kọ wọ́n fún.

Mo wá sí Makun. Alhaja kò rí mi rí, kò sì mọ̀ mí. Ikhlas, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló gbà mí. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ iṣẹ́ ni.” Alhaja wò mí látòkè délẹ̀. “Ọwọ́ iṣẹ́ kẹ̀? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má rò pé wọ́n fìyà jẹ mí o. Ìbá sàn fún mi bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ikhlas fún mi ní ìdajì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ràn ìwé, ó ń lọ yá a fún mi lọ́wọ́ ìyàwó olùkọ́ yunifásítì kan, a sì máa gbé e wá lábẹ́ híjáàbù kí òjò má baà pa á. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bu ìkọ́kọrẹ́ sí mi lẹ́nu. “Gbé e mì, Bánkẹ́. Àbí o fẹ́ kí wọ́n ní mo febi pa ọmọ ọlọ́mọ?” Mo gbé e mì, mo sì tún ń gbèrò ibi. Irú ènìyàn wo ni mí?

Ẹ mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Obì tí a bá ṣà sọ́tọ̀ nítorí kòkòrò, jíjù là ń jù ú. Èmi ń kó o pamọ́ sínú àpò kan. Lọ́jọ́ tí a ń di ẹrù Hussain, oníbàárà Alhaja ní Kánò, Ikhlas tẹ́ ewé gbọ̀dọ̀gì sínú agbọ̀n mẹ́rin, ó kó obì sí wọn dé ìdajì, ó wá fẹ́ lọ kírun. “Àǹtí Bánkẹ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ.” Ẹ bá mi ṣọ́ ọ! Mo da obì kòkòrò sí àárín, mo fi èyí tó dára bò ó. Ikhlas kírun dé, ó kún wọn, ó rán ẹnu agbọ̀n pẹ̀lú orin lẹ́nu. Agbọ̀n tí a bá sì ti rán, ó di ọ̀dọ̀ oníbàárà kí a tó tú u.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Hussain pè pé kòkòrò ti jẹ obì òun. Alhaja kó wa jọ, ó ní, “Ta ló ṣa obì yìí?” Ayọ̀ ni mo ti ń retí láti ọdún yìí wá; kò dé. Ikhlas wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Ó ní, “Èmi ni, ìyá mi. Èmi ni mo ṣà á, èmi ni mo dì í.” Ẹ gbọ́ ohun tí Alhaja wí: “Mo lé Modúpẹ́ nítorí irú èyí. Bí mo bá fi ọmọ tèmi sílẹ̀, Ọlọ́run á bi mí.” Ó lé e kúrò ní ìsọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ilé Tájù, àfẹ́sọ́nà Ikhlas, ní Ijoku, tó kù díẹ̀ kí wọ́n so yìgì àwọn méjèèjì, ránṣẹ́ pé olóbì ni àwọn, àwọn kò fẹ́ ẹni tó ń ba ọjà jẹ́.

Mo bá a níbi tó ti ń fọṣọ. Mo ní, “Ikhlas, kí ló dé?” Kò gbójú sókè. “Àǹtí Ṣìkẹ́mi.” Orúkọ mi gan-an! “Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Bí ẹ bá ń ṣa obì, ẹ máa ń yọ ètè bí ìyá yín, wọ́n sì máa ń dárúkọ yín fún mi nígbà náà.” Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ń ṣeré ọjà, òun sì da obì kòkòrò tí Màámi ti ṣà kúrò padà sínú agbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ títí ẹjọ́ fi dé. Nígbà tí òun fẹ́ jẹ́wọ́, Màámi fi ọwọ́ bo òun lẹ́nu, ó sì gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀. “Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Ìyá yín ru tèmi. Ẹ jẹ́ kí n ru tiyín.”

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù: kì í ṣe àánú Ikhlas ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Màámi ni mo bínú sí. Ó dáàbò bo ọmọ Alhaja, ó sì fi èmi, ọmọ tirẹ̀, sínú ìtìjú àti ebi. Màámi, ẹ dalẹ̀ mi. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ fi ara yín bò, èmi ni mo wá já a sí ìhòòhò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kàwé bíi tèmi, nínú ìwé, ìgbẹ̀san máa ń parí síbi tí ìwé parí. Tèmi ń bá mi jí lárààárọ̀. Ikhlas mú mi búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì búra. Alhaja, ẹ pe ọmọ yín padà sí ìsọ̀. Ẹ̀yin ará ilé Tájù, ẹni tí ẹ kọ̀ yẹn, n kò tíì ka irú rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ní tèmi, ẹ ṣe mí bí ẹ bá ti fẹ́. Ikhlas ni kí ẹ bá mi bẹ̀, nítorí mo ti tún dalẹ̀ rẹ̀ báyìí, níwájú gbogbo yín, ìgbà ìkẹyìn sì ni.